Màmá Tí Kò Wẹ Ọmọ Mi

Iṣu ò wọ ilé Màmá mi rí. Ní Peckham níbí, níbi tí wọ́n ti ń to iṣu sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti ìbẹ̀rẹ̀ Rye Lane dé òpin rẹ̀, tí èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fẹsẹ̀ kọ ọ́, Màmá máa ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lára ajá tó ti bù ú jẹ rí. Wọ́n á ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á ra ẹ̀wà, wọ́n á ra ẹja gbígbẹ, wọ́n á bá ọkùnrin aláta fa ọ̀rọ̀ títí yóò fi bu èènì sí i. Wọn ò ní wo iṣu. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi wọ́n bóyá ìjọ wa ló kà á léèwọ̀, nítorí aláṣọ funfun ni wá, nǹkan èèwọ̀ wa sì pọ̀. Wọ́n ní rárá o. Wọ́n ní, "Èmi àti iṣu ti parí ọ̀rọ̀ wa tipẹ́."

Màmá mi ni ìyá tó bí ìyá mi. Orí àga wọn tó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n kú sí nígbà òtútù tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, fíìmù àtijọ́ kan ṣì ń lọ lọ́wọ́, tíì wọn ò sì tíì tutù tán nígbà tí mo wọlé. Mo ń kọ eléyìí nítorí mo rò pé mo mọ̀ wọ́n. Láti ìgbà tí mo ti ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ ni mo ti wà lọ́dọ̀ wọn, torí iṣẹ́ alẹ́ ni Mọ́mì mi ń ṣe. Mo mọ ìró ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn ẹ̀sítéètì wa, mo mọ òórùn òrí tí wọ́n fi ń para, mo mọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu tí wọ́n fi ń fọ́ eegun. Bẹ́ẹ̀, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n kú tí bàbá arúgbó kan fi jókòó ní pálọ̀ wa, tó sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún wa. Láti ọjọ́ náà, ẹnu mi ò tíì padé. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi ń fò síhìn-ín fò sọ́hùn-ún, ẹ má bínú. Bí òun náà ṣe bá mi nìyẹn.

Ohùn wọn ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Ibí yìí ni wọ́n bí mi sí. Bí Yorùbá mi bá ṣeé gbọ́ létí, Màmá ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé ìwé, Yorùbá tiwọn ò kọjá kí wọ́n kí àgbà, kí wọ́n sì béèrè oúnjẹ. Màmá ò gba ìyẹn. Wọ́n á mú mi dúró sí ìdí ilẹ̀kùn àbáwọlé, àwọn fúnra wọn á lọ dúró ní kíṣìnnì, wọ́n á ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa ya, wọ́n á wá ní kí n ròyìn ohun tí mo ṣe nílé ìwé. Bí mo bá pariwo, wọ́n á ní àwọn ò bẹ̀ mí ní ariwo. Bí mo bá rọra sọ ọ́, wọ́n á ní àwọn ò gbọ́. Bí mo bá fi ohùn ìsàlẹ̀ sí ibi tí ohùn òkè yẹ kó wà, wọ́n á pa omi, wọ́n á wò mí bí ẹni tó da ìkòkò ọbẹ̀ nù. Gbólóhùn kan náà ni lójoojúmọ́: "Sọ ọ́ kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá gbọ́." Kò sí ẹni tó jókòó lẹ́yìn. Fíríìjì nìkan ló wà níbẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí Màmá bá dìde láti ka Bíbélì, àwọn ọmọ ọwọ́ pàápàá á dákẹ́. Wọ́n á dúró níbi tí èèyàn ò retí, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á wo gbogbo wa bí ẹni pé àwa la jẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kà nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tíṣà ni wọ́n ní Nàìjíríà. Bí ẹnìkan bá bi Màmá, wọ́n á ní, "Mo ti kọ́ àwọn kan rí," ẹni tó béèrè á sì mi orí, ọ̀rọ̀ parí.

Ọ̀rọ̀ kánsù, àwọn tó ni ilé tí à ń gbé, náà ńkọ́? Ògiri yàrá tí èmi àti Màmá ń sùn bu dúdú bí búrẹ́dì tó ti pẹ́, omi ń ro lára rẹ̀, a fẹjọ́ sùn títí ó sú wa. Lọ́jọ́ tí òyìnbó kánsù wá wò ó níkẹyìn, Màmá ti ń jó kiri ilé láti àárọ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gé àlùbọ́sà. Bí aago ẹnu ọ̀nà ṣe dún báyìí, ẹ̀yìn wọn tẹ̀. Ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ojú wọn wọnú. Ọlọ́run ló gbọ́, wọ́n kúrú lójú mi. Ikọ́ tí wọ́n wá hú, mo ní wọ́n fẹ́ kú ni, mo bú sẹ́kún. Ọkùnrin náà kọ ohun tó ń kọ kíákíá, ó sì di apá wọn mú dé orí àga kó tó jáde. Bó ṣe ti ilẹ̀kùn tán, Màmá na ẹ̀yìn wọn, wọ́n bi mí ta ló jẹ ẹran tó wà nínú abọ́. Mo ṣì ń sunkún. Mo ní irọ́ ni wọ́n pa fún ọkùnrin náà. Wọ́n ní, "Irọ́ wo? Ògiri yẹn ń ṣàìsàn lóòótọ́. Mo kàn bá a húkọ́ ni."

Lẹ́yìn Ọlọ́run àti èmi, ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù láyé ni obìnrin òyìnbó kan tó ti kú tipẹ́. Òṣèré Amẹ́ríkà ni, láyé àwọn fíìmù tí kò ní àwọ̀ kankan àfi dúdú àti funfun. Wọn kì í pe orúkọ rẹ̀. Àǹtí Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè é. Ilé ìtọ́jú arúgbó kan lápá East Dulwich ni Màmá ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìntì, wọ́n ń wẹ àwọn arúgbó ibẹ̀, wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ. Fíìmù àtijọ́ sì ni àwọn arúgbó náà máa ń wò lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo rò pé ibẹ̀ ni Màmá àti Àǹtí Amẹ́ríkà ti pàdé.

Wọ́n mọ ìgbésí ayé obìnrin yẹn bí ẹni mọ ti ẹ̀gbọ́n ẹni. Ọmọ alágbàfọ̀ ni. Ó ń ta ìbọ̀wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan nígbà tí àwọn onífíìmù rí i. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n kọ́ ọ ní ìrìn tuntun àti ohùn tuntun, wọ́n ní kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ń fọṣọ. Wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó fún ọmọge tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin. Ẹnikẹ́ni ò rántí ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, fíìmù kan dé tí gbogbo àwọn òṣèrébìnrin ńlá sá fún, nítorí ìkà ni obìnrin inú rẹ̀: ó ti àbúrò rẹ̀ mọ́ ìta nínú yìnyín, ó jókòó ti iná, ó ń jẹ kéèkì. Àǹtí Amẹ́ríkà gbà á. Màmá á da fíìmù náà dúró níbi kéèkì yẹn, wọ́n á fi ìka tọ́ka sí gíláàsì tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní kí n wo ọwọ́ rẹ̀, kò mì. Wọ́n ní ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á máa yí ojú bí ológbò, ṣùgbọ́n ìkà kì í gbé inú ojú, ọwọ́ ló ń gbé. Torí kéèkì yẹn, wọ́n fún obìnrin náà ní ère wúrà, ó sì di ìkà nínú fíìmù títí ó fi darúgbó. Nígbà tí awọ ojú rẹ̀ hunjọ, wọ́n sọ ọ́ di ìránṣẹ́ tó ń gbé tíì wọlé. Nígbà tó yá, wọn ò pè é mọ́. Ó kú ní fúláàtì rẹ̀, òun àti ológbò kan.

Mo bi Màmá nígbà kan bóyá àwọn èèyàn ò bẹ̀rù rẹ̀ lójú títì. Wọ́n ní, "Ó ń lọ sọ́jà, wọ́n ń kí i. Ibì kan wà láyé tí èèyàn ti lè ṣe ìkà nínú fíìmù, kó sì délé lálàáfíà." Èmi rò pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ń yìn.

Ó wá ku ìwẹ̀. Òun gan-an ló mú mi jókòó kọ gbogbo èyí.

Nígbà tí mo bí ọmọ mi, Ẹniọlá, kò sí ohun tó bà mí lẹ́rù tó ìwẹ̀, kò sì sí ohun tó fọkàn mi balẹ̀ tó pé Màmá wà. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ìyá àgbà ló ń wẹ ọmọ tuntun. Wọ́n á jókòó lórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, wọ́n á fomi gbígbóná jó ìdodo rẹ̀, wọ́n á fi òrí fà á lápá fà á lẹ́sẹ̀, wọ́n á jù ú sókè kó má bàa di ojo. Ìyá ọmọ á kàn fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, á máa mu ògì, á máa wò. Màmá kó gbogbo nǹkan dé lóòótọ́: kànrìnkàn tuntun, ọṣẹ, òrí, báfù, aṣọ ìnura tó rọ̀ bí òwú. Wọ́n tò ó sílẹ̀ bí ẹni pàtẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn wọn fi kan férémù ilẹ̀kùn, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí tíṣà ń bá wí, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n wá gba ọmọ, omi ń tutù. Wọn ò mira.

"Tóyìn, ìwọ ni ìyá rẹ̀," wọ́n ní. "Di orí mú. Ọrùn ò tíì le."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wẹ Ẹniọlá títí ọrùn rẹ̀ fi le: èmi nídìí báfù, Màmá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń júwe fún mi bí ẹni tó ń júwe fún awakọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn rìn: mú ọwọ́ òsì wá sábẹ́ apá rẹ̀, má jómi wọ̀ ọ́ létí, fà á díẹ̀, rọra. Ohùn wọn ló wẹ ọmọ náà. Ọwọ́ wọn ò kàn án. Wọn ò pọ̀n ọ́n, wọn ò gbé e lé ẹsẹ̀. Bí mo bá fẹ́ lọ dáná, wọ́n á ní kí n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì ná, àwọn á jókòó tì í, wọ́n á máa wò ó bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ ọmọ náà ń pa wọ́n. Láti ẹnu ọ̀nà yẹn, wọ́n á sín gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì jẹ fún un: ọkùnrin tó sùn kọjá ibi tó ń lọ, obìnrin tó ń fi fóònù jà, awakọ̀ tó rí arúgbó tó ń sáré bọ̀ tó sì ti ilẹ̀kùn. Ẹniọlá á rẹ́rìn-ín títí òsúkè á fi mú un.

Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ó dun Mọ́mì jù mí lọ. Lọ́jọ́ kan ní kíṣìnnì mi, Mọ́mì bá wọn fà á. Mọ́mì ní irú ìyá àgbà wo nìyí, tó ń sá fún ọmọ bí ìkòkò gbígbóná. Mọ́mì ní àwọn obìnrin ìjọ ti ń bi àwọn bóyá torí pé èmi àti bàbá Ẹniọlá ò tíì ṣègbéyàwó ni Màmá ṣe kọ ọmọ náà. Wọ́n tún mú ti àtijọ́ wá, wọ́n ní nígbà tí àwọn bí èmi pàápàá, àwọn nìkan ló wẹ̀ mí, Màmá ò yọjú. Màmá ń fọ àwo kan tó ti mọ́. Nígbà tí Mọ́mì lọ, mo bi wọ́n lójúkojú pé kí ni ọmọ mi ṣe wọ́n. Wọ́n nu ọwọ́ wọn gbẹ, wọ́n wo inú yàrá níbi tí ọmọ sùn sí. Wọ́n ní, "Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo fẹ́ kó dàgbà ni."

Nígbà tí wọ́n kú, àwọn obìnrin ìjọ kún ilé Màmá. Àwọn ló máa ń wẹ òkú obìnrin ìjọ wa. Àwọn tó ń tọ́jú òkú ládùúgbò yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fún wọn ní yàrá. Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin, ti yan àwọn tí yóò bá wọn ṣe é. Ọlá ni, wọ́n sì ń jiyàn lórí ẹni tí yóò mú lọ́fíńdà wá. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n wà nígbà tí Bàbá Jìmọ́ wọlé.

A ò mọ̀ wọ́n rí. Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, fìlà funfun lórí, ọ̀pá lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì láti Bermondsey. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ tààrà síwájú àwòrán Màmá tó wà lórí tábìlì, wọ́n ṣí fìlà, ohùn wọn sì bá mi ní kíṣìnnì bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n wà:

"Awẹmọpa! Ìwọ náà ti wọlé?"

Ta ni ń pe òkú bẹ́ẹ̀? Ẹni tó wẹ ọmọ títí ọmọ fi kú. Mọ́mì dìde, wọ́n bi bàbá náà ta ni wọ́n ń bá wí. Bàbá Jìmọ́ wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ìtìjú sì mú wọn, torí wọ́n rò pé a mọ̀. Wọ́n ní láàárín àwọn eléré, ẹni tí èèyàn ṣe dára jù lórí ìtàgé ni wọ́n fi ń pè é nígbà tó bá kú. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ṣẹ́kù ni yóò pè é, kó lè mọ̀ pé eré ti tán, kó máa lọ. Wọ́n ní àwọn nìkan ló ṣẹ́kù.

"Eléré wo, sà?" Mọ́mì ní.

Báyìí ni a ṣe gbọ́ ọ. Màmá mi, tó ń ti kẹ̀kẹ́ arúgbó kiri East Dulwich, ni obìnrin tí gbọ̀ngàn máa ń kún fún láti Abẹ́òkúta dé Ìlọrin. Nígbà tó wà lọ́mọge ní Èkó, ilé sinimá ni gbogbo ọ̀sán rẹ̀, ó ń wo òṣèrébìnrin Amẹ́ríkà kan, yóò sì délé, yóò jókòó níwájú dígí, yóò máa kọ́ ọwọ́ rẹ̀ kó má mì. Kí èmi tó gbọ́ èyí tán, mo ti mọ̀ pé Àǹtí Amẹ́ríkà ni. Wọ́n ní lẹ́yìn eré orí ìtàgé, ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn rí kámẹ́rà yá, wọ́n sì ṣe fíìmù kan, nípa ìyálé tó da májèlé sínú omi ìwẹ̀ ọmọ ìyàwó rẹ̀, tó wá jẹ́wọ́ níkẹyìn lójú gbogbo ìlú. Kò sí obìnrin tó fẹ́ ṣe ìyálé náà. Màmá gbà á. Bàbá Jìmọ́ ló gbé iná dání fún wọn.

Ìyá Ìjọ gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn wo fíìmù yẹn ní Ìbàdàn nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, àwọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni wẹ àwọn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n wo àwòrán orí tábìlì, ohùn wọn lọ sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó padà ṣe é lóòótọ́," wọ́n ní. "Gbogbo èèyàn ló sọ ọ́."

Ẹ̀rù bà mí láti wo ojú Mọ́mì. Bàbá Jìmọ́ ní òótọ́ ni pé ọmọ kan kú. Wọ́n yíjú sí Mọ́mì, wọ́n ní ọmọ ìyàwó tí bàbá Mọ́mì fẹ́ lé Màmá ni. Ọdún tí fíìmù jáde ni ìyàwó náà bímọ. Ìyálé ló ń wẹ ọmọ, Màmá sì wẹ̀ ẹ́. Ibà mú ọmọ náà, ó kú. Ẹnikẹ́ni ò pe dókítà láti mọ ohun tó pa á, nítorí gbogbo ilé ti wo fíìmù. Wọ́n ti fojú rí i. Wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá fúnra rẹ̀ nígbà tó ń jẹ́wọ́. Nígbà tó búra, wọ́n ní ó ń ṣeré. Nígbà tó sunkún, wọ́n ní àwọn mọ ẹkún yẹn, àwọn ti sanwó wò ó. Kò sí ẹni tó nà án. Wọ́n kàn ń kó ọmọ wọn wọlé bó bá ń kọjá. Bàbá Jìmọ́ ló sìn wọ́n dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò nílùú, Mọ́mì ṣì kéré, ó ń sùn léjìká wọn.

"Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi," bàbá náà ní. "Ó ní, Jìmọ́, ọwọ́ yìí ò ní kan ọmọ tuntun mọ́. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ ọmọ mi lọ́la, ta ni yóò gbà mí gbọ́?"

Wọ́n ní àwọn àti Màmá tún pàdé lẹ́ẹ̀kan péré, ní ọjà Brixton. Àwọn pe Màmá ní orúkọ ìtàgé rẹ̀, ó yíjú, ó fi gẹ̀ẹ́sì bi àwọn pé ta ni àwọn ń wá. Wọ́n ní ó ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn fi tọrọ àforíjì.

Mọ́mì ti wà nílẹ̀, ẹ̀yìn wọn lára àga Màmá. Wọ́n ní, "Mo rò pé èmi ni wọ́n ń bínú sí. Torí pé mo bí Tóyìn láìlọ́kọ. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi rò bẹ́ẹ̀."

Bàbá Jìmọ́ ń mi orí. Wọ́n ní ohun tó ń dun àwọn jù ni pé kò tiẹ̀ sí ọmọ nínú fíìmù náà. Wọ́n mú ọmọ wá, Màmá kọ̀ jálẹ̀, ó ní omi tutù, ọyẹ́ ń fẹ́, kí ìyá rẹ̀ gbé e padà sílé.

"Iṣu la fi aṣọ wé," wọ́n ní. "Iṣu la wẹ̀ pa. Nígbà tí a ya fíìmù tán, òun fúnra rẹ̀ ló se iṣu náà, gbogbo wa jẹ ẹ́."

Mo rí Rye Lane, mo rí gbogbo iṣu tí wọ́n tò sílẹ̀, mo rí Màmá tó ń gbójú kúrò lára wọn. Wọ́n lé èèyàn kúrò nílùú rẹ̀ nítorí iṣu.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ní wọ́n yí àkókò iṣẹ́ òun padà. Ọ̀kan ní orúnkún. Ìkẹta ní ẹ̀jẹ̀ òun ru. Wọ́n gbàdúrà gígùn fún wa, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ fi omi kan ọwọ́ Awẹmọpa. Ìyá Ìjọ ò tiẹ̀ pè. Mọ́mì ní ká jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú òkú ṣe é. Mo ní rárá. Mo ní bí Màmá bá wọ ilẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ èèyàn tiwọn wẹ̀ wọ́n, ẹjọ́ ìlú yẹn ti tẹ̀lé wọn dé London, ó sì ti jàre wọn.

Èmi àti Mọ́mì nìkan la lọ. Mi ò fọwọ́ kan òkú rí. Mo mú òrí tó ṣẹ́kù nínú èyí tí Màmá rà fún Ẹniọlá, mo mú kànrìnkàn. Yàrá náà tutù. Mo da omi síhìn-ín, mo dà á sọ́hùn-ún, títí Mọ́mì fi wá sápá òkè, wọ́n di orí ìyá wọn mú. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo rọra, mi ò jómi wọ̀ wọ́n létí. Ọwọ́ wọn ni mo pẹ́ sí jù. Mo wẹ ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ yẹn di irun mi, ó wẹ òyìnbó arúgbó tí kò lóǹkà, ọmọ tuntun nìkan ló fi du ara rẹ̀, kí ìtàn yẹn má bàa kan ọmọ wa.

Bí mo ṣe gbójú sókè, Ìyá Ìjọ wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wọ aṣọ funfun, ìgò lọ́fíńdà wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò lè wọlé, wọn ò sì lè padà.

"Tóyìn," wọ́n ní, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ ọ́ síta, "ṣé òótọ́ ni pé iṣu ni?"

Mo na ẹ̀yìn mi. Mi ò pariwo. Mo sọ ọ́ kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá gbọ́.

"Iṣu ni, mà. Ẹ wọlé, ẹ wá bá wa da omi."

Wọ́n gbé ìgò sílẹ̀. Wọ́n ká apá aṣọ wọn dé ìgúnpá, wọ́n wọlé.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, mo ra iṣu kan ní Rye Lane, ẹyọ kan, ó sanra. Mo gbé e sílẹ̀ nílé, mo ń wá ọ̀bẹ. Nígbà tí mo padà dé, iṣu ò sí níbẹ̀. Omi ń dún ní balùwẹ̀. Ẹniọlá, tó ti ń dá wẹ ara rẹ̀ báyìí, ti gbé e sínú báfù kékeré rẹ̀ àtijọ́, ó fi aṣọ ìnura wé e, ó ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó rí mi, ó dúró, ó rò pé mo máa bá òun wí.

Mo fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn, mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn.

"Di orí mú," mo ní. "Ọrùn ò tíì le."